Luke Akọ̀wé-Pátákó àti Ẹ̀bi Mi

Luke tó ń kọ pátákó ní Agbowó kì í ṣe aláriwo. Ìwé mẹ́fà péré ló kà ní Mọ́níyà, ṣùgbọ́n bó bá fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Kì í sì fi ọ̀dà kan pátákó títí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó fẹ́ sórí ìwé.

Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá ni wọ́n rán sí i nítorí pátákó gbọ̀ngàn àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà. Mo kọ ọ́ fún un: WOMENS' HALL.

Luke wò ó títí. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe iwájú 's' ni àpọ́sítírófì yìí ń gbé? 'Women' ti pọ̀ kí 's' tó dé."

"Luke, ta ló lọ sẹ́kọ́ńdìrì nínú àwa méjèèjì? Bí àwọn tó ni nǹkan bá ti pọ̀, ẹ̀yìn 's' ló ń wà."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, mà." Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò.

Lọ́jọ́ tó ń kàn án mọ́ ògiri, lẹ́yìn ìsìn, Pròfẹ́sọ̀ Ikúbọlájẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa, gbójú sókè. "Ha! Womens! Àwọn obìnrin pọ̀ tán, ẹ tún bá wọn wá ìrù!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní, "Luke, ṣé bí o ó ṣe kọ ti ilé ìwé wa nìyí?" Pátákó kíláàsì méjìlá ló ń wí, iṣẹ́ tí Luke ti ń retí láti ọdún tó kọjá.

Luke wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ìwé mi ṣì wà lápò rẹ̀. Èmi ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jábọ́.

"Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ mi ló yẹ̀," ló wí.

Ọjọ́ kejì, ó ti tún un kọ lọ́fẹ̀ẹ́: WOMEN'S HALL. Ní Wẹ́sìdeè, ẹnu yìí kan náà ni mo fi darí ìpàdé àdúrà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo dìde lásìkò ìfilọ̀, mo jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní, "Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n a ti gbé iṣẹ́ yẹn fún àwọn kan ní Dùgbẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Mo lọ bá Luke ní ṣọ́ọ̀bù. Ó nu àga fún mi.

"Kí ló dé tí o ò mú ìwé yẹn jáde?"

"Mọ́mì, àwọn ọmọ yín wà níbẹ̀."

Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rín Tijésùnimí, àkọ́bí mi, ló ròkè jù. Luke gbọ́ ọ láti orí àkàbà.

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ó ti tán, mà." Ojú rẹ̀ ni mi ò tíì lè wò.