Mọ́tò Ṣùkúrù Kò Yọ Èéfín Tó

Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi láti Àwẹ́ wá sí Fìdítì láti máa kọ́ni ni mo kọ́kọ́ rí Ṣùkúrù Àbọ̀dé. Ọdún 2010 ni. Pijó akẹ́rù rẹ̀ ló fi kó ẹrù mi. Nígbà tí a já ẹrù tán, mo na owó sí i, kò gbà á. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n yá òun ní ìgbálẹ̀. Ó gbá ẹ̀yìn mọ́tò náà mọ́ tónítóní, ó kó pàǹtírí rẹ̀ sínú àpò, ó sì gbé àpò náà sí iwájú mọ́tò láti mú un lọ. Ó ní inú mọ́tò òun ni ìdọ̀tí náà ti jáde, kò yẹ kí òun fi sílẹ̀ sínú ọgbà mi. Lẹ́yìn èyí ló tó gba owó. Inú ẹrù mi gan-an ni ìdọ̀tí náà ti wá, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́.

Ọmọ Ìlọrà ni, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé pẹ̀lú Àlàkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ó máa ń kó ọ̀pẹ̀yìnbó àti ọsàn àwọn obìnrin elérèso láti Fìdítì lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń fún omi èso sínú páálí. Ìbíyẹmí ni olórí àwọn obìnrin náà. Fún ọdún mẹ́rìnlá, kò wá awakọ̀ mìíràn. Bí ọ̀pẹ̀yìnbó kan bá já bọ́ lójú ọ̀nà, Ṣùkúrù á dúró, á sì padà lọ gbé e. Mọ́tò náà dàgbà ju Fatihah, àkọ́bí rẹ̀, lọ, Fatihah sì ti bí ọmọ méjì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, ilé iṣẹ́ náà lẹ ìwé mọ́ géètì wọn. Wọ́n ní bí àsìkò ọsàn bá ti dé, mọ́tò tó bá ti lé ní ogún ọdún kò ní wọlé mọ́. Ìbíyẹmí wá sí Ìlọrà fúnra rẹ̀ láti sọ fún un. Ó jókòó, ó mu omi, ó béèrè àlàáfíà Fatihah àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì, kí ó tó sọ ohun tó gbé e wá.

“Ṣùkúrù, mi ò fẹ́ ẹlòmíràn,” ó wí. “Ṣùgbọ́n èso kì í dúró de ènìyàn.”

Ṣùkúrù ní òun gbọ́. Iṣẹ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tó ní.

Kò pé oṣù kan sí i tí rédíò fi kéde ètò pààrọ̀ mọ́tò. Ìjọba ní àwọn mọ́tò àtijọ́ ń mu epo jù, wọ́n sì ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá ní mọ́tò akẹ́rù tó ti lé ní ogún ọdún, kí ó wà á wá sí pápá kan ní Ọ̀yọ́. Wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò wọn èéfín rẹ̀, wọn yóò wó o palẹ̀, wọn yóò sì fún onímọ́tò ní ìwé tí yóò fi ra tuntun ní ìlàjì iye tí wọ́n ń tà á. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ti lè ra tuntun ọ̀hún, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó gbà sílẹ̀ kí ó má bàa kógbá wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí dá iṣẹ́ dúró ní gáréèjì Fìdítì fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ní ìjọba kì í fúnni ní nǹkan láìmọ ibi tí wọn yóò ti gbà á padà. Àwọn kan ní mọ́tò ilé iṣẹ́ náà ni kò tà, wọ́n wá ń fi tiwa wá ọjà fún un. Awakọ̀ àgbàlagbà kan béèrè pé bí wọ́n bá lè gba ẹni tó ń ṣe mọ́tò là, kí ló dé tí wọn kò gba ẹni tó ń wà á là. Wọ́n dá a lóhùn pé ẹni tó ń ṣe mọ́tò ní géètì àti ọlọ́pàá, ẹni tó ń wà á kò ní.

Obadiah kò bá wọn jiyàn. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ó ń kó gbágùúdá láti Akínmọ̀ọ́rìn, ó sì ti pẹ́ tí òun àti Ṣùkúrù ti ń ṣe ọ̀rẹ́. Mọ́tò tirẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn lápá kan, okùn ló sì fi so ìkejì. Bó bá ń bọ̀, èéfín rẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ rí. Ó ní òun yóò wà á lọ bó ṣe wà, bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, òun yóò fi sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀, òun yóò gun ọ̀kadà wálé.

Ṣùkúrù ní tirẹ̀ ronú lórí èéfín tí wọ́n ní wọn yóò wọ̀n. Láti ìgbà tó ti ń wakọ̀, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dá a dúró, iná tó kú ni tàbí èéfín. Bí ìjọba bá wá ní òun fẹ́ wọn èéfín, ó dájú pé wọ́n fẹ́ kí ó kéré ni. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rò ó sí ọ̀nà mìíràn. Èmi gan-an ni mo ka ìwé ètò náà fún un. Nọ́ńbà nìkan ló wà níbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ èéfín sí, mo sì fò ó.

Ó ta àgbò tó ń sìn de Iléyá. Ó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Mùtàlíbù mẹkáníìkì, ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, tó sì fi ọjọ́ mẹ́jọ tò ó padà. Wọ́n pààrọ̀ ohun tó yẹ ní pípààrọ̀. Nígbà tí Ṣùkúrù gbé ọ̀dà búlúù wálé, Àlàkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Bàbá Fatihah, ohun tí wọ́n fẹ́ wó, kí lẹ ń kùn ún lọ́dà sí?”

“Ìyá Fatihah, òkú pàápàá, a máa ń wẹ̀ ẹ́.”

Àlàkẹ́ wọlé lọ mú búrọ́ọ̀ṣì kejì wá.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, mo bá a lọ sí Ọ̀yọ́. Mọ́tò tó wà lórí ìlà tó ogójì. Àwọn èrò pàápàá ń wá wo Pijó náà, ẹnì kan sì béèrè bóyá títà ni. Olùyẹ̀wò tó kàn wá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí orúkọ Olúwatóyọ̀sí wà láyà aṣọ rẹ̀. Ó ki irin ìwọ̀n bọ ẹnu páìpù èéfín. Ó wò ó, ó yọ ọ́, ó nù ún, ó tún ki í bọ̀ ọ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ló pe ẹnì kejì rẹ̀ wá.

“Bàbá,” ó wí, “mọ́tò yín ò yọ èéfín tó.”

Ṣùkúrù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Mùtàlíbù ló ṣe é.

Ọmọbìnrin náà ní kò yé Ṣùkúrù. Àwọn mọ́tò tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ni ìjọba fẹ́ kó kúrò lójú títì, èyí kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Kí ó máa gbé e lọ sílé.

“Ọmọ mi, kí ni àṣìṣe rẹ̀?”

“Kò ní àṣìṣe kankan, Bàbá. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.”

Ó kí Ṣùkúrù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fi fóònù ya àwòrán ẹ́ńjìnnì náà. Lẹ́yìn wa ni wọ́n wọn ti Obadiah. Nọ́ńbà ara irin náà lọ dé ibi tó lè lọ mọ, ó sì dúró. Wọ́n kọ ìwé fún un lójú ẹsẹ̀.

Ìròyìn ti dé Ìlọrà ṣáájú wa. Mùtàlíbù ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le, pé ọ̀túnla ni àyẹ̀wò yóò parí, pé bí òun bá da ọ́ìlì jíjó sí i, tí òun sì tú nǹkan méjì mẹ́ta, Pijó yóò yọ èéfín ju ààrò lọ. Àlàkẹ́ ní kí wọ́n ṣe é. Ìbíyẹmí ránṣẹ́ pé ọsàn ti ń pọ́n. Ṣùkúrù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ronú, ó sì fi odindi ọjọ́ kejì rò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ó wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Mùtàlíbù, ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un. Mùtàlíbù gbé agolo ọ́ìlì dúdú wá. Ṣùkúrù wo inú ẹ́ńjìnnì náà fún ìgbà díẹ̀.

“Gbé agolo yẹn kalẹ̀,” ó wí.

“Ẹ̀gbọ́n, òní ni wọ́n máa parí o.”

“Mo mọ ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ lo fi ṣe iṣẹ́ yìí.”

“Ẹ ti sanwó mi. Inú ò ní bí mi.”

“Á bí èmi.”

Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì wakọ̀ padà sílé. Àlàkẹ́ kò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tí àsìkò ọsàn dé, Obadiah ni Ìbíyẹmí gbé iṣẹ́ náà fún. Mọ́tò tuntun rẹ̀ funfun, ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì sì ń tì. Ṣùgbọ́n gbágùúdá ló mọ̀ ọ́n kó. Àjò àkọ́kọ́ tó lọ sí Ìbàdàn, ìdajì ọ̀pẹ̀yìnbó ló fọ́. Ó wá bá Ṣùkúrù ní Ìlọrà, ó dúró níta.

“Àbọ̀dé, bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi. Ṣùgbọ́n fi bí wọ́n ṣe ń tò ó hàn mí.”

Ṣùkúrù bá a lọ sí Fìdítì ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n to ọ̀pẹ̀yìnbó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìbíyẹmí jókòó sórí àpótí, ó ń wò wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí Ṣùkúrù sọ ni pé, “Yí orí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. O ń tẹ̀ ẹ́.”

Ìgbà tí Obadiah kúrò nídìí gbágùúdá, àyè ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùkúrù ló ń kó o báyìí láti Akínmọ̀ọ́rìn wá sí ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ ní Ìlọrà, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti èso. Ọ̀nà náà kò jìn, ó sì máa ń délé jẹun ọ̀sán.