Ìdánwò Dókítà Ọmọ́ṣẹ̀yìndé

Kò tíì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yunifásítì ìjọ tó wà lọ́nà Òkukù kọjá tí kò gbọ́ nípa ìdánwò tí olóògbé Dókítà Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: “Kọ ìbéèrè kan tí o kò mọ ìdáhùn rẹ̀.” Jemima, ọmọ Ìkìrun, tó ti há gbogbo nóòtì sórí bí ẹni há sáàmù, kọ ojú ìwé mẹ́fà nípa ìtàn, orin àti ọgbọ́n orí. Òdo ni bàbá Dókítà fún un. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Ìdáhùn yìí dára púpọ̀. Ta ló bi ọ́?”

GNS, ẹ̀kọ́ gbogboogbò nípa ìtàn, orin àti ọgbọ́n orí, ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà, kò sí ẹ̀ka tí kì í ṣe é. Bí Jemima kò bá yege, kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ni ìyá rẹ̀ bá ru iṣu mẹ́rin, ó di ọ́fíìsì bàbá.

“Ẹ ṣàánú wa sà, nítorí Jésù.”

Bí obìnrin náà ti ń bẹ̀bẹ̀, ojú rẹ̀ kan àwòrán òṣùpá lára ògiri. “Ẹ má bínú o, sà. Kí ló dé tí èyí máa ń bá mọ́tò wa rìn láti Òkukù títí a ó fi dé Ìkìrun?”

Bàbá fò dìde. Ó dá iṣu padà, ó ní, “Ìyá ti yege. Ó ku ọmọ.”

Bí Dókítà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà kan ní Ìnísà, ó bi onígbàjámọ̀ tó ń gẹ̀ ẹ́ lórí ìdí tí ewú fi ń kọ́kọ́ hù ní ẹ̀bátí. Onígbàjámọ̀ fi abẹ sílẹ̀, ó lọ bi bàbá rẹ̀ lóko. Ààbọ̀ orí ni Dókítà gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Jemima fúnra rẹ̀ lọ bá Dókítà, inú ti bí i. “Sà, nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe, yunifásítì Kristẹni sì ni mo wá. Kí ni orin àti ìtàn ń wá níbẹ̀?”

“O ò mọ̀ ọ́n?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà.”

“Èmi náà ti ń wá a láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Èyí tí mo ti rí ni pé Ọlọ́run tó dá ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń yẹ̀ wò náà ló dá orin.” Ó fún un ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún ìbéèrè náà.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí àìsàn kọlu Dókítà, ọsibítù tí Jemima ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkìrun ni wọ́n gbé bàbá wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó lò kẹ́yìn láyé, ó pè é sún mọ́ra.

“Jemima, tí mo bá dọ́run, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n béèrè nǹkan?”

Jemima di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà ju bó ti lè sọ lọ. Ì bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọkàn bàbá lè balẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè parọ́ fún ẹni tó kọ́ ọ.

“Mi ò mọ̀, sà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Tó bá rí bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n lọ wò ó.”