Ìwé Intégrale Tí Ṣọ́jà Pè Ní Ìwé Ọ̀tẹ̀

Títí màá fi kú, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí a há mọ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ bàbá mi ní ọjà Marché Congo.

Ìlú daṣẹ́ sílẹ̀, ìbọn ń dún níta, a sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Intégrale, ìṣirò tí a fi ń wá bí àyè inú ìlà kọdọrọ ṣe fẹ̀ tó, kò yé Sàfú àbúrò mi, ìdánwò bac tí wọ́n fi ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama sì ti dé tán. Mo ya ọrùn aṣọ sórí pépà tí Bàbá fi ń gé àwòṣe, mo kọ àmì intégrale sí i, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Gé àyè inú rẹ̀ sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o ro gbogbo rẹ̀ pọ̀." Mo fi pépà kábọ́ọ̀nù dà á kọ sí mẹ́ta nítorí àwọn ọ̀rẹ́ Sàfú.

Lójijì, ṣọ́jà kan já ilẹ̀kùn wọlé. Ó rí ìwé mẹ́ta tó jọra.

"Ìwé ọ̀tẹ̀ lẹ̀ ń kọ!"

Bàbá kúnlẹ̀, ó nawọ́ sókè.

Ṣọ́jà náà fi ẹnu ìbọn kan àmì intégrale. "Kí ni ìkọ́ gígùn yìí?"

Mo ní, "Ó ní ká ro àwọn ọ̀já náà pọ̀ ni, ọ̀gá." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní Faransé fún un.

Ó ká ìwé kan sápò. "Ọmọ tèmi náà ń ṣe bac." Ó ní ká má jáde, ó sì lọ.

Sàfú ní, "Àǹtí mi, ó ti yé mi wàyí."

Bàbá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.