Ẹ̀kọ́ Mẹ́ta Tí Mo Yàn

Òyìnbó tó ń kọ́ wa ní ètò ọrọ̀-ajé ní yunifásítì ló dá mi dúró lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ kan. Ó ní bí mo bá fẹ́ gba oyè dókítà nínú iṣẹ́ yìí lókè òkun, kí n yéé fi àkókò ṣòfò lórí ìtàn òwò. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún báyìí. Ó ka ẹ̀kọ́ mẹ́ta fún mi: ọ̀kan tí wọ́n ti ń wá ẹ̀rí fún ohun tí gbogbo ayé ti gbà láìjiyàn, ọ̀kan tí wọ́n ti ń to nọ́ńbà sí ìlà-ìlà, àti èyí tó ń wọn bí nǹkan ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó tàbí kó má ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò ní gbà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sá fún ìṣirò bí ẹni ń sá fún agbowó-orí, ṣùgbọ́n inú tèmi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, mo wá sílé ní Ìjerò láti sọ fún bàbá mi. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì sídìí kòkó, ó sì jẹ́ àgbà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Mo ní, "Bàbá, ìṣirò ni mo fẹ́ yàn." Ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Bàbá mi kì í bọ ọmọ lọ́wọ́, ó yẹ kí n ti fura.

Lójú tiwọn nílé, ohun kan ṣoṣo lèèyàn lè fi ìṣirò ṣe: kó fi kọ́ ọmọ. Ilé ìwé gírámà ìlú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, wọn ò rí tíṣà ìṣirò. Àwọn tó ń wá láti Ìbàdàn kì í pẹ́ kí wọ́n tó kẹ́rù wọn. Lọ́jọ́ Ìkórè, wọ́n pe ìdílé wa síwájú, a jó lọ tàwa ti iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá mi ò padà sí ìjókòó. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká níwájú pẹpẹ, ó ní, "Uṣu nìkan kọ́ ni mo mú wá. Mo fi ọmọ mi yìí fún ilé ìwé wa. Bó bá ti jáde, ibẹ̀ ni yóò ti ṣuṣẹ́."

Ìjọ pariwo ayọ̀, àwọn ìyá ìjọ gbé orin. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó jẹ́ tún fọwọ́ kan ohun tó bá ti gbé síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìkórè, ìbáà ṣe iṣu kan ṣoṣo.

A délé, mo là á yé e: oyè dókítà, òkè òkun, ọdún púpọ̀. Ó ní kí n ju ẹ̀kọ́ mẹ́ta náà sílẹ̀, kí n mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà mọ́ ìwọ̀nba ìṣirò, kí n tètè máa bọ̀. Mo ní mi ò ṣe. Mo ní òun ló jẹ́jẹ̀ẹ́, èmi kọ́. Ìbínú ni mo fi sọ ọ́, kò sì dùn mí títí dòní, torí òótọ́ ni.

"Ulé Ọlọ́run ni mo ti sọ ọ́," ó ní, "é i ṣe inú ulé mi. Lọ yan èyí tó bá wù ọ́. Èmi á lọ dúró níbẹ̀ dè ọ́."

Mo rò pé ẹnu lásán ni. Mo padà, mo yan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ pé bàbá mi ti mú ṣọ́ọ̀kì ní ilé ìwé gírámà, àgbàlagbà tí ìṣirò rẹ̀ kò kọjá àròpọ̀ àti ìdá. Ọ̀gá ilé ìwé gbà á nítorí kò sẹ́lòmíràn.

Láti ìgbà náà, bí mo bá wálé fún ìsinmi, mi ò ní tíì wẹ eruku ọ̀nà kúrò lára tí yóò ti pè mí sí pálọ̀. "Tíṣà, wí fún mi, báwo ni lẹ́tà ṣe ń di nọ́ńbà?" Èmi tí ìṣirò ń fọ́ lórí ní yunifásítì, mo wá ń kọ́ bàbá mi ní àlíjébírà ọmọ fọ́ọ̀mù wáànù. Kì í tètè yé e. Mo máa ń fẹ́ jágbe, màá gbé e mì. Ikọ́ sì ti wà lára rẹ̀ nígbà náà. Ó ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni.

Mo yege. Ilé ìwé kan lókè òkun kọ̀wé pé àwọn gbà mí, nítorí ẹ̀kọ́ mẹ́ta yẹn gan-an. Mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nígbà tí bàbá mi ṣubú nínú kíláàsì. Ọdún tí wọ́n ń torí òṣèlú dáná sun ilé ara wọn ni, kò sí awakọ̀ tó gbà láti gba ọ̀nà Adó lọ sí ọsibítù. Ilé ló kú sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ tó bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ń kí mi kú ará fẹ́raakù. Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ. Mo lọ sí ilé ìwé pé kí n bá wọn mú kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, torí ìdánwò àwọn ọmọ náà ti dé tán. Mo kọ lẹ́tà kan sójú bọ́ọ̀dù, mo ní òun ni nọ́ńbà tí a ń wá. Wọ́n ń wò mí. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ebè ni Bàbá máa ń yà síbẹ̀. Wọ́n ní iṣu wà lábẹ́ rẹ̀, a ò kàn tíì wà á ni."

Èmi kọ́ ni mo kọ́ bàbá mi ní ìyẹn.

Mo nu lẹ́tà náà kúrò, mo ya ebè, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè yíjú sí wọn. Ó ní òun á dúró dè mí níbẹ̀. Mo ti dé. Kíláàsì yẹn ni irun mi ti funfun, kò sì sí ọmọ kan rí tó bi mí ní nǹkan nípa ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí mo yàn.