Orúkọ Àbúrò Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nílé ọkọ mi ní Ìbẹrẹko. Owú ṣì ń jẹ mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ọkọ mi ń kàwé ní Rọ́ṣíà. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo lòun lè kọ́kọ́ mú wá nínú èmi àti àbúrò òun obìnrin, ẹni tó bá tètè gbọ́ èdè wọn ni. Àbí ẹ rí nǹkan? Èmi ìyàwó ilé! Ó bá wa wá tíṣà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún, tó ń kọ́ wa lórí fóònù.

Mo ń ṣe dáadáa o, kó tó di pé a kan ohun tí wọ́n ń pè ní késì. Hẹ̀n! Wọ́n ní orúkọ èèyàn kì í dúró sójú kan níbẹ̀. Tí o bá fún un ní nǹkan, ìparí orúkọ á yí. Tí o bá bá a rìn, á tún yí. Oríṣi mẹ́fà! Orí mi gbóná. Mo wo àbúrò ọkọ mi, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní bí èdè Látìn táwọn sísítà ìjọ Àgùdà kọ́ òun nílé ìwé ṣe rí nìyẹn. Ó tún ń fi Ègùn, èdè ilé wọn, ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá ọkọ mi tó ń fọ́ àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìyá ń mi orí. Ta ló kọ́ èmi ní Látìn ní Èkìtì tí mo ti wá?

Ọjọ́ ìdánwò dé. Tíṣà ní kí kálukú fi orúkọ ẹnì kejì ẹ̀ ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àbúrò ọkọ mi gbé Bọ́lá, orúkọ mi, ó yí i bó ṣe fẹ́, kò kọsẹ̀ rárá. Ó kàn mí. Orúkọ tiẹ̀ ni kí n yí.

Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, tí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó wọlé. Adúmáradán ni mo ń pè é látọjọ́ yìí. Mo bá ń yí Adúmáradán. Tíṣà ní rárá, orúkọ ẹ̀ gan-an lòun fẹ́. Ìyá ọkọ mi dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò mí. Mo ní mi ò lè pè é. Bí mo ṣe pàdánù nìyẹn.

Ọkọ mi ní òun mọyì ọ̀wọ̀ mi, àmọ́ àbúrò òun ló ń bọ̀. Ọ̀wọ̀ wo? Ṣé ọ̀wọ̀ ló máa gbé mi wọ bàálù?

Èmi náà ni mo di gààrí àti ẹja gbígbẹ sínú báàgì ẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ọkọ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dì mọ́ mi.

“Ìyàwó wa, kò sẹ́ni tó máa pè mí ní Adúmáradán níbi tí mò ń lọ. Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ.”

Kò sí èèwọ̀ kankan nínú ìyẹn, àbí? Síbẹ̀, mo ní kó yára wọkọ̀, kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ọ̀wọ̀ rọrùn nígbà tí ẹnì kejì ò tíì gba ohun tí à ń wá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló gbapò yín rí, tí ẹnu yín ò gbà láti pè é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Tí mo bá ti parí kíláàsì alẹ́ yìí, màá kà á. Mi ò tíì jáwọ́ nínú késì wọ̀nyẹn o.