Sinimá Bàbá Àgbà tí Mo Gé

Kékeré ṣì ni mí, mi ò tíì lè dá omi gbé rù, nígbà tí mo ba sinimá bàbá àgbà mi jẹ́.

Ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ wọn, fi mí sí. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tíṣà, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn fi ìwé ìtàn kan tí gbogbo ilé ń kà ṣe sinimá. Kò ní ohùn, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà, nínú agolo pẹlẹbẹ lábẹ́ ibùsùn. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Kérésì, wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri, àwa á máa jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, bàbá á máa ka ìwé náà sókè bí àwòrán ṣe ń rìn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní àfi kéèyàn fi fíìmù dúdú bojú, kó má baà fọ́jú. Onítìjú ni mí; kò sẹ́ni tó ń pè mí sí eré ten-ten. Mo fa fíìmù bàbá yọ, mò ń gé e, mò ń pín in fáwọn ọmọ àdúgbò.

"Rónkẹ́, tèmi dà?"

"Rónkẹ́ dáadáa, fún mi sí i!"

Orúkọ mi dùn létí mi. Nígbà tí ibi tó dúdú ti tán, mo gé ibi tó ní àwòrán. Mo kó ìyókù dà sí ààtàn.

Àbúrò bàbá àgbà, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ti ń tọrọ sinimá náà fún ṣọ́ọ̀ṣì wọn tipẹ́. Nígbà tí bàbá bá agolo lófìfo, àwọn ni wọ́n mú ní olè.

"Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé Bíbélì wá, kí n búra!"

Mo jókòó níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, mi ò lanu. Wọn ò jọ jẹun mọ́ títí bàbá fi kú.

Houston ni mo wà báyìí, mò ń bá wọn tọ́jú ọmọ ní daycare kan. Bàbá Kékeré ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Stafford nítòsí. Mo máa ń lọ ro ọkà fún wọn lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní, "Rónkẹ́, ìwọ lo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dópin. Ṣé wọ́n dárí jì mí?"

Omi bọ́ lójú mi. "Bàbá, èmi ni. Mo gé e fáwọn ọmọ àdúgbò, ká lè fi wo oòrùn."

Wọ́n ti àwo ọkà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé ẹ tiẹ̀ rí oòrùn náà?"

"A rí i, sà."

"Ó dáa. Pe àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Olè ni wọ́n mọ̀ mí sí."

Lóde òní, bí sinimá bá pòórá lórí fóònù, ọmọdé á tún un tẹ̀, á jáde. Tiwa kò ní jáde mọ́. Láyé ìjọ́un, ẹ̀rù ẹgba ló dí mi lẹ́nu; ẹgba mẹ́fà péré, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Báyìí, kò sẹ́ni tó máa nà mí. Mo ti pe mẹ́ta nínú wọn. Ó ku ìyá mi.