Àmín Ìyá Mi

Nígbà tí ojú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, èmi ni mo ń ka Bíbélì sí i létí láràárọ̀. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru a máa gba ojú fèrèsé wọlé bá wa ní Aké, ìyá mi á jókòó láàrin rẹ̀, pẹ̀lú ìborùn funfun, bí ẹni tí kò tíì jí tán. Èmi náà ò jí tán. Mo máa ń rò pé ohùn mi ló ń fa àwa méjèèjì jáde nínú oorun, díẹ̀díẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń yan ibi tí a ó kà. Lọ́dún náà, mo gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, torí mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jà. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Níbi ìsìn ìrántí bàbá wa, lójú àwọn ìyá ìjọ, ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí mi ò rílé ọkọ gbé, kí ló kù fún mi ju kí n máa tọ́jú ìyá lọ? Ó dùn mí dénú egungun. Mi ò fèsì níbẹ̀. Ilé ni mo ti fèsì, pẹ̀lú Sáàmù karùndínlógójì, tí gbogbo wa ń kà bí ọ̀tá bá dìde: kí Olúwa bá àwọn tó ń bá mi jà jà, kí wọ́n dà bí ìyàngbò tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Bí mo bá ti dé ibẹ̀, mo máa ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ikùn. Ìyá mi á ṣe Àmín. Àmín gidi ni, torí ó gbà pé ọ̀tá ọmọ òun là ń lé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe dáadáa. Bí mo bá dé ẹsẹ kẹwàá, màá pa Bíbélì dé.

Ó tó oṣù kan tí mo ti ń ṣe é kí ìyá mi tó béèrè láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Kí ló dé tí o kì í kà á tán?"

"Ó gùn, mà."

"Kò gùn." Ló bá ń kà á lọ láìwo ìwé, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níléèwé ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò rántí pé mo ti fetí sí ibẹ̀ rí. Onísáàmù náà ní nígbà tí ara àwọn ọ̀tá yẹn kò dá, òun gbààwẹ̀ fún wọn, òun sì dorí kodò bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀.

Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi bà á. "Ta là ń bá jà?"

Mi ò lè parọ́ fún un. Mo dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi síta.

Ó di ọwọ́ náà mú. "Ahọ́n àteyín ń jà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni mo bí. Ọlọ́run tí ò ń bẹ̀ pé kó wá jà yìí, èwo nínú ọmọ mi ni kó sọ lókò? Gbogbo Àmín tí mo ti ṣe ńkọ́? Dìde, lọ wò ó fún mi."

Papalanto ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Mi ò rántí ìrìn àjò náà dáadáa, àfi àwọn ewé ẹ̀bá ọ̀nà tí eruku ti sọ di funfun, àti oòrùn tó rọ bí ẹyin nínú ọyẹ́. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, mo kọ́kọ́ rò pé ìyá wa ni. Ó ti rù. Ó di ògiri mú.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ara mi ò yá?" ló béèrè. "Mo ní kí wọ́n má sọ fún ìyá. Ibà yìí ti ń lọ, ó ń bọ̀, láti nǹkan bí oṣù kan. Ojú ń tì mí láti pè ẹ́, lẹ́yìn ohun tí mo sọ."

Mo mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà. Síbẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n gbóná, mo sì bẹ Ọlọ́run fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi pé kó má gbọ́ tèmi.